Dókítà tó ń wá oorun

Ẹ̀gbọ́n mi kan ní Mushin ti ń lo oògùn wárápá tipẹ́, èmi ni wọ́n sì máa ń rán lọ rà á ní Ìdúmọ̀tà, oníhóró funfun kékeré yẹn, phenobarb. Àṣé oògùn yẹn ti lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún!

Kó tó dé, bromide ni wọ́n ń lò, dókítà Charles Locock ló dárúkọ ẹ̀ ní London lọ́dún 1857. Ìgbà yẹn, wọ́n gbà pé ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ wà lára ohun tó ń fa wárápá, bromide sì ń pa irú ìfẹ́ yẹn, irọ́ gbáà ni, àmọ́ oògùn náà ṣiṣẹ́ sha. Wàhálà ẹ̀ ni pé ó ń sọ èèyàn di dìndìnrìn, ara á tún wá sú.

Ní 1912, Alfred Hauptmann, dókítà kan ní Freiburg ní Jámánì, ń gbé nítòsí wọ́ọ̀dù àwọn tó ní wárápá. Wọ́n ní ariwo wọn ò jẹ́ kó sùn lóru, ló bá fún wọn ní oògùn oorun, phenobarbital, ìyẹn phenobarb yẹn gan-an, kóun náà lè fojú ba oorun, àfi bó ṣe rí i pé wárápá ò gbé wọn ṣánlẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, kódà lọ́sàn-án.

Merritt àti Putnam, àwọn dókítà méjì kan, ní tiwọn mọ ohun tí wọ́n ń wá ní Boston, oògùn tí ò ní kun èèyàn lóorun. Ológbò ni wọ́n ń fi iná mànàmáná fa gìrì sí lára kí wọ́n lè dán oògùn wò, phenytoin ló sì jáwé olúborí, ní 1938. Àwọn yẹn ni mo gbà fún jù.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín ni valproate, oògùn wárápá mìíràn. Ní Grenoble ní Faransé, níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, òun ni wọ́n fi ń po àwọn oògùn tí wọ́n ń dán wò, gbogbo wọn ló sì ń ṣiṣẹ́! Bí ẹni rẹ egbò sínú ògógóró tó wá jẹ́ pé ògógóró gan-an loògùn.

Ohun tí àwọn oògùn yìí ń ṣe nínú ọpọlọ ò le. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ ń fi iná bára wọn sọ̀rọ̀, tí wárápá bá dé, gbogbo wọn á figbe ta lẹ́ẹ̀kan náà bíi kọndọ́kítọ̀ Ọ̀ṣọ́dì. Phenytoin ń di ilẹ̀kùn tí sodium, èròjà inú iyọ̀ tó ń gbé iná yẹn, ń gbà wọlé mú kó má ráyè ṣí lemọ́lemọ́, phenobarb ní tiẹ̀ ń ran GABA lọ́wọ́, ìyẹn èròjà tó ń pe àwọn sẹ́ẹ̀lì pé ẹ rọra. Wọn ò wo wárápá sàn o, wọ́n kàn ń dì í mú ni, ìdí nìyẹn tẹ́nìkan ò fi gbọ́dọ̀ ṣàdédé dá oògùn ẹ̀ dúró láìjẹ́ pé dókítà sọ.

Mo ròyìn Hauptmann fún ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní Hauptmann rí oorun ẹ̀ sùn, àwọn ń sùn kọjá Ojúẹlẹ́gbà nínú dánfó.