Bí Wọ́n Ṣe Ń Yan Orin Nínú Yàrá Karaoke ní Japan

Ẹni tó bá kọ́kọ́ wọ yàrá karaoke, ibi téèyàn ti ń kọrin sórí ìlù tí wọ́n ti gbà sílẹ̀, ní Tokyo tàbí Osaka lè máa wá ibi tí àwọn onílù jókòó sí. Kò sí. Yàrá kékeré ni, àga tìmùtìmù yí tábìlì ká, tẹlifíṣọ̀n ńlá wà lára ògiri, máìkì méjì wà nínú apẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ṣẹ́rẹ́ oníke, tábúlẹ́ẹ̀tì kan sì ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Inú tábúlẹ́ẹ̀tì yìí ni wọ́n ti ń yan orin, ibẹ̀ náà sì ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀, torí orin inú rẹ̀ lé ní 200,000, kò sì túmọ̀ sí pé èyí tó dùn ún gbọ́ ló máa ṣeé kọ.

Orúkọ karaoke fúnra rẹ̀ ti sọ bó ṣe rí: kara ni òfìfo, oke sì ni ìgékúrú orúkọ tí wọ́n ń pe ẹgbẹ́ onílù ńlá. Ìlù dé, olórin ò sí. Ní 1971, ní ìlú Kobe, Inoue Daisuke, ẹni tó ń tẹ dùùrù fáwọn oníbàárà nílé ọtí, gbé ẹ̀rọ kan jáde téèyàn ń ju owó sí kó tó lùlù fún un. Ohun tó fà á ni pé oníbàárà rẹ̀ kan, ọ̀gá iléeṣẹ́, fẹ́ kó bá òun rìnrìn àjò kó lè máa lùlù fún òun níbẹ̀. Inoue ò ráyè, ló bá gba ìlù náà sínú téèpù fún un. Ó ti mọ bí ọkùnrin náà ṣe ń kọrin, ó sì lù ú bó ṣe máa bá a mu. (Kò gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ẹ̀rọ náà, àwọn ẹlòmíì ló fi lówó.)

Ìlù tó ń tẹ̀lé olórin yẹn ṣì ni gbogbo ọ̀rọ̀ dá lé. Bọ́tìnì wà lórí tábúlẹ́ẹ̀tì tó ń gbé kíì, ìyẹn ibi tí ohùn orin ga dé, sókè tàbí kó fà á wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, òmíràn ń mú orin yára tàbí falẹ̀. Ọkùnrin tó fẹ́ kọ orin obìnrin lè tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin, lẹ́ẹ̀márùn-ún, títí ọ̀fun rẹ̀ á fi gbà á. Kò sí ìtìjú ńbẹ̀. Ẹni tó bá ṣagídí pé kíì tí olórin gangan fi kọ ọ́ lòun máa lò, òun ni ohùn sábà máa ń há mọ́ lọ́fun.

Ibi tí wọ́n sì ti ń ṣì í nìyí. Orin ìgbàlódé ilẹ̀ Japan sábà máa ń ní apá mẹ́ta: A-mero, B-mero àti sabi. A-mero wà nílẹ̀, ó fẹ́ dà bí ẹni ń sọ̀rọ̀. B-mero ló so ó pọ̀ mọ́ sabi. Sabi, tó jọ ohun tá à ń pè ní ègbè, ló ń gùnkè, bó bá sì di sabi ìgbẹ̀yìn, ọ̀pọ̀ orin á tún gbé kíì sókè sí i. Ẹni tó fi A-mero nìkan dán ohùn wò ti fi ẹnu ọ̀nà díwọ̀n ilé. Sabi ìgbẹ̀yìn ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ kùn lábẹ́ imú kó tó tẹ bọ́tìnì. Yoru ni Kakeru, orin YOASOBI tó jáde ní 2019, gbajúgbajà ni, àmọ́ pàkúté ni fún ẹni tí ò dán an wò: ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ń tẹ̀lé ara wọn wìtìwìtì, àyè àtimí ò tó nǹkan, nígbà tó bá sì kù díẹ̀ kó parí, kíì á yí padà. Cherry tí ẹgbẹ́ Spitz gbé jáde ní 1996 kì í sáré olórin bẹ́ẹ̀.

Fún Yorùbá tó bá fẹ́ gbìyànjú, èdè náà ò le lẹ́nu bó ṣe le lójú. Fáwẹ̀lì márùn-ún péré ló ní, kọ́ńsónáǹtì méjì kì í sábà sún mọ́ra, kódà n tó dá dúró, irú èyí tó wà nínú "ń lọ", wà níbẹ̀. Kíkà ni ìṣòro. Bí àsìkò ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe ń tó, àwọ̀ á máa kún inú lẹ́tà rẹ̀ lójú tẹlifíṣọ̀n, kò sì ní dúró de ẹni tó ṣì ń ṣa lẹ́tà.

Tí ohùn bá ti yanjú, ó ku àwọn tó jókòó. Ọ̀pọ̀ ìgbà, òṣìṣẹ́ tó ti jẹun, tó ti mutí níbòmíì ló ń ya ibẹ̀. Nijikai, àpèjẹ kejì, ni wọ́n ń pè é. Ọ̀gá wà ńbẹ̀, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ náà wà ńbẹ̀. Kálukú ló ní orin tí wọ́n fi mọ̀ ọ́n, èyí tí wọ́n ń pè ní ohako. "Àpótí" ni ọ̀rọ̀ náà, síbẹ̀ wọ́n lè kọ ọ́ bíi "nọ́ńbà 18", torí ìdílé Ichikawa Danjuro, àwọn òṣèré kabuki, eré orí ìtàgé àtijọ́ ilẹ̀ Japan, ní eré 18 tí wọ́n yà sọ́tọ̀ bí ogún. Wọn kì í gba ohako mọ́ ọ̀gá lẹ́nu. Tó bá jẹ́ Amagi-goe ti Ishikawa Sayuri, tó jáde ní 1986, ni àgbà ibẹ̀ fẹ́ràn, orin enka tí wọ́n ń yí ohùn nínú rẹ̀ bí onífújì, kí ọmọdé wá tirẹ̀ síbòmíì. Orin arò gígùn máa ń mú kí ara gbogbo ilé tutù. Orin tó ń yọ ọ̀pọ̀ ni Zankoku na Tenshi no Thesis, tí Takahashi Yoko kọ fún eré kàtúùnù kan ní 1995: ìlà àkọ́kọ́ rọra ń lọ, lẹ́yìn náà ìlù á ya wọlé gìrì, gbogbo ilé á sì gbè é.

Ẹ̀rọ tún lè fúnni ní máàkì, títí dé 100. Bóyá ohùn bọ́ síbi tó yẹ ló ń wò, kò mọ ẹ̀rín. Ẹni tó ń wá máàkì kó mú orin tó falẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n fò lórí àga kó mú Linda Linda ti The Blue Hearts, ti 1987, kó gbàgbé máàkì.

Tó bá ku nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, fóònù ara ògiri á dún: ṣé wọ́n fẹ́ fi kún àkókò ni? Tí wọn ò bá fẹ́, wọ́n á pa àwọn orin tó ṣì wà lórí ìlà rẹ́, wọ́n á fi ẹyọ kan tí gbogbo wọn mọ sabi rẹ̀ rọ́pò, èèyàn mẹ́fà á sì rọ̀ mọ́ máìkì méjì.