Oyè Tí Wọ́n Ń Fi Ibi Iṣẹ́ Ṣe Kíláàsì

Ọ̀pọ̀ ló gbà pé oyè másítà nínú bí wọ́n ṣe ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera níṣẹ́ kò le, èyí tí dókítà, nọ́ọ̀sì, agbẹ̀bí tàbí apòògùn lè gbà láìfi iṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ní ṣebí orí íntánẹ́ẹ̀tì ni, ṣebí èèyàn lè fà á lọ sí ọdún mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ti bu omi là á fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dí. Irọ́ gbáà ni, ìṣirò kékeré sì tó láti fi hàn bẹ́ẹ̀.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kírédíìtì 180 ni odindi oyè náà. Ẹni tó bá ṣe 60 lè gba sàtífíkéètì, ẹni tó bá dé 120 lè gba dípúlómà, 60 tó kù sì sábà máa ń jẹ́ iṣẹ́ ìwádìí. Wákàtí 10 ni wọ́n ń kà sí kírédíìtì kan, àti ìwé kíkà àti iṣẹ́ kíkọ. Wákàtí 1,800 nìyẹn. Ẹni tó bá pín in sí ọdún mẹ́ta á máa yọ bíi wákàtí 12 sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀, yálà iṣẹ́ alẹ́ ló kàn án tàbí ti ọ̀sán. Ó lè yan ìgbà tó máa ṣe é. Iṣẹ́ náà kò dín.

Bí wọ́n ṣe ń gba èèyàn wọlé kò gba àlàyé, bẹ́ẹ̀ náà ni fídíò àti ìjíròrò orí kọ̀ǹpútà. Kọ́ọ̀sì tó ń kọ́ni bí wọ́n ṣe ń ṣe ìdánwò fún akẹ́kọ̀ọ́ ni ọgbọ́n ètò yìí ti hàn jù.

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń kọ́ni nílé ìwòsàn ni ẹnikẹ́ni kò kọ́ ní bí wọ́n ṣe ń kọ́ni. Ó mọ iṣẹ́, wọ́n ní kó máa kọ́ àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn, ó sì ń ṣe é bí àwọn ọ̀gá rẹ̀ ṣe ṣe é fún un. Ká ní nọ́ọ̀sì ni, tó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣírò oògùn, tó sì forúkọ sílẹ̀ fún másítà yìí. Olùkọ́ rẹ̀ ní yunifásítì á ní kó mú ìdánwò tó ṣe fún wọn lọ́dún tó kọjá wá. Nọ́ọ̀sì náà yóò to àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti orí ẹni tó gba máàkì jù dé orí ẹni tó gbà kéré jù, yóò wá máa yẹ ìbéèrè wò lọ́kọ̀ọ̀kan: mélòó nínú àwọn tòkè ló gbà á, mélòó nínú àwọn tìsàlẹ̀?

Á máa lọ wẹ́rẹ́, àfi ìgbà tó bá kan ìbéèrè kan tí àwọn tó mọ̀wé jù kùnà, tí àwọn tó ń fà sẹ́yìn sì gbà. Ó lè jẹ́ pé ìdáhùn tó kọ sílẹ̀ fún ara rẹ̀ ni kò tọ̀nà. Ó sì lè jẹ́ pé ìdáhùn méjì ló tọ̀nà, tó jẹ́ pé ẹni tó mọ̀ jinlẹ̀ nìkan ló rí ìkejì. Ẹni tí ìmọ̀ rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀ kò rí wàhálà kankan, ó mú èyí tó wà lójú kedere, ó sì gba máàkì.

Ọ̀rọ̀ náà dà bíi ti oníṣòwò tó ti ń fi òṣùwọ̀n kan ṣoṣo wọn ọjà láti ọdún gbọọrọ. Bí ọjà bá fúyẹ́, ọjà ló ń bú. Kò yẹ òṣùwọ̀n wò rí. Bẹ́ẹ̀, òṣùwọ̀n tó bá ń parọ́, àtẹni tó rẹ́ jẹ àtẹni tó rí jẹ ló ń parọ́ fún. Nínú iṣẹ́ ìlera, aláìsàn ló máa san gbèsè ọ̀hún.

Ibẹ̀ ni ohun tí George Miller, onímọ̀ nípa ẹ̀kọ́ ìṣègùn, kọ ní 1990 ti máa ń wọni lára: kéèyàn mọ nǹkan, kó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, kó ṣe é kí wọ́n rí i, kó máa ṣe é lẹ́nu iṣẹ́ ojoojúmọ́, ìpele mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ìdánwò orí ìwé kì í kọjá ìkejì. Ìdí nìyẹn tí OSCE fi ṣe pàtàkì, ìdánwò tí Ronald Harden àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Dundee, ní Scotland, gbé jáde ní 1975, tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń lọ láti ibùdó kan sí òmíràn, tí wọ́n ń wò ó bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Nọ́ọ̀sì wa á ṣètò irú ibùdó ìdánwò bẹ́ẹ̀ kan fúnra rẹ̀, á sì dán an wò níbi iṣẹ́ rẹ̀ kó tó fi í gba máàkì. Ẹni tó fiṣẹ́ sílẹ̀ wá kàwé kò ní rí irú àyè yìí.

Tó bá di iṣẹ́ ìwádìí, ìṣòro mìíràn yọjú. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ ṣèwádìí lé lórí ni òun kan náà ń fún ní máàkì. Ta ló máa lè sọ fún un pé òun kò fẹ́? Ìgbìmọ̀ tó ń dáàbò bo àwọn tí wọ́n ń ṣèwádìí lé lórí kì í fi èyí ṣeré. Wọ́n sábà máa ń ní kí ẹlòmíràn tí kò lọ́wọ́ nínú máàkì náà gba ìwé ìyọ̀ǹda, kí olùkọ́ má sì mọ ẹni tó kọ̀ títí èsì ìdánwò yóò fi jáde. Ìlànà tó dára gidi ni.

Ibi tí ètò náà kù sí ni pé ilé ìwòsàn ń jẹ èrè rẹ̀, ṣùgbọ́n òru ni ẹni tó ń ṣe é sábà máa ń fi ṣe é. Ó yẹ kí ọ̀gá fọwọ́ sí nǹkan méjì kí kọ́ọ̀sì tó bẹ̀rẹ̀: àṣẹ láti lo èsì ìdánwò àwọn akẹ́kọ̀ọ́, àti ọjọ́ díẹ̀ lóṣù tí wọn ò ní fi orúkọ ẹni náà sí iṣẹ́ wọ́ọ̀dù. Bí ọ̀gá bá kọ̀, kí òṣìṣẹ́ náà kúkú forúkọ sílẹ̀ fún sàtífíkéètì ná. Ọ̀pọ̀ yunifásítì á ka kírédíìtì 60 yẹn mọ́ ti másítà tó bá padà wá, bí kò bá ti pẹ́ jù.