Ẹ Wo Aago Kí Ẹ Tó Wá Ṣíbí

Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo lọ ra aṣọ ẹbí ní Ọjà Balógun. Ẹ mọ bí ibẹ̀ ṣe máa ń rí: ẹsẹ̀ kò gbèrò, àwọn alábàárù ń pariwo kí èèyàn yà fún ẹrù, àwọn oníṣọ́ọ̀bù ń fa oníbàárà lápá. Ọmọkùnrin alábàárù kan tí kò lè ju ọmọ ogún ọdún lọ gbé ìdì léèsì kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Kò rìn tó ìṣísẹ̀ mẹ́ta tó fi ké igbe kan ṣoṣo, tó sì ṣubú lulẹ̀ gbì. Ara rẹ̀ le gbagidi, ẹyinjú rẹ̀ yí sókè, lẹ́yìn náà ni tọwọ́ tẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n jìgìjìgì.

Ojú ẹsẹ̀ ni èrò pín sí méjì. Àwọn kan sá sẹ́yìn, ẹnì kan sì ń kígbe pé kí a má ṣe tẹ itọ́ tó ń hó lẹ́nu rẹ̀, pé ó ń ràn. Àwọn yòókù sáré wá, kò sì sí ẹni tó fẹ́ wá lọ́wọ́ òfo: ìyá olóúnjẹ mú ṣíbí onírin dání, bàbá kan ń béèrè ẹni tó ní àlùbọ́sà. Kí n tó ráyè kọjá láàárín wọn, ìyá kan tó ń ta léèsì ti débẹ̀. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ó tú ìborùn èjìká rẹ̀, ó ká a, ó sì tì í bọ abẹ́ orí ọmọ náà kó má baà máa fi orí gbá kọnkéré. Ó ti ìdì ẹrù àti àpótí ìjókòó kan kúrò nítòsí rẹ̀. Èmi wo aago ọwọ́ mi.

Nígbà tí ara rẹ̀ rọ̀, tí a yí i dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí itọ́ lè ṣàn jáde, ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú-àáyá 50 ló ti lọ. Mo bi àwọn tó dúró tì wá pé báwo ló ṣe pẹ́ tó. Bàbá alálùbọ́sà ní kò lè dín ní ìṣẹ́jú 10. Ẹlòmíì ní ó tó 15. Wọn ò purọ́. Bó ṣe rí lára wọn nìyẹn, torí ẹ̀rù máa ń fa àkókò gùn.

Ó ti tó ọdún 19 tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì àwọn tó ní wárápá ní apá Mainland, ohun tí mo sì máa ń kọ́kọ́ bi ẹni tó bá gbé aláìsàn wá ni pé, "Ṣé ẹ wo aago?" Ọ̀pọ̀ ló máa ń wò mí bí aláìláàánú. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Gìrì ni orúkọ ohun tí ojú rí. Wárápá ni àìsàn tó ń mú kí gìrì máa padà wá láìjẹ́ pé ibà tàbí nǹkan mìíràn ló fà á lọ́jọ́ náà. Iná kékeré kan wà tí ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ sí gbogbo ara. Tó bá ru sókè lódì lẹ́ẹ̀kan náà, gìrì dé nìyẹn. Ọpọlọ fúnra rẹ̀ ló máa ń paná yẹn, ìṣẹ́jú kan sí mẹ́ta sì ti tó fún ọ̀pọ̀ rẹ̀. Lọ́dún 2015, ILAE, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ wárápá lágbàáyé, fi ààlà méjì lélẹ̀ fún gìrì tó ń gbọn gbogbo ara. Ìṣẹ́jú 5 ni àkọ́kọ́: èyí tó bá kọjá ibẹ̀, ó ṣòro kó dúró fúnra rẹ̀ mọ́. Ìṣẹ́jú 30 ni ìkejì: láti ibẹ̀ lọ, ọpọlọ lè bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́.

Ìṣẹ́jú 25 ló wà láàárín méjèèjì, ìṣẹ́jú 25 ti Èkó sì ni. Ẹni tó bá há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní Ojúẹlẹ́gba lè má tíì dé ilé ìwòsàn tó wà ní Ìdí-Àràbà. Nítorí náà, tó bá ti pé ìṣẹ́jú 5, ẹ ti máa gbé e lọ, ẹ pe 767 tàbí 112. Ẹ má tilẹ̀ dúró de ìṣẹ́jú 5 tó bá jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ láyé ẹni náà, tó bá jẹ́ aboyún, tó bá ṣẹlẹ̀ nínú omi, tàbí tí òmíràn bá tún dé kí ẹni náà tó lajú.

Ṣíbí ńkọ́? Wọ́n ń fi í há eyín kí ẹni náà má baà gbé ahọ́n mì. Ẹnikẹ́ni ò lè gbé ahọ́n ara rẹ̀ mì. Ó lè fi eyín gé ẹ̀gbẹ́ ahọ́n náà, egbò yẹn á sì jinná. Eyín tí ṣíbí bá kán kò ní í hù mọ́, ó sì lè gba ọ̀nà ọ̀fun bọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Itọ́ tó ń hó kì í ran ẹnikẹ́ni, itọ́ lásán ni. Mo ti fọ egbò iná lẹ́sẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́rin rí, torí wọ́n ní iná ló ń lé gìrì lọ. Gìrì náà lọ lóòótọ́, bó ṣe máa lọ tẹ́lẹ̀ náà ni. Ìka ẹsẹ̀ ọmọ yẹn méjì lẹ̀ mọ́ra títí dòní.

Èyí tó ń dùn mí jù ni àgbo ìtọ̀ màálù. Mo mọ̀ pé ìyá àgbà tó ń pò ó kò ní inú burúkú. Bí wọ́n ṣe bá a nìyẹn: ìtọ̀ màálù, ewé tábà, àlùbọ́sà, aáyù, efinrin, ọsàn wẹ́wẹ́, kí ó wà nínú ìgò títí á fi kan. Àwọn onímọ̀ ní Ìbàdàn ti yẹ àgbo yìí wò láti ọjọ́ pípẹ́, ohun tí wọ́n sì rí ni pé ó ń já ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ó sì ń mú kí mímí máa rẹlẹ̀ títí tó fi lè dáwọ́ dúró. Ẹ wá ro ọpọlọ ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú gìrì. Ṣúgà ni oúnjẹ rẹ̀, afẹ́fẹ́ ló ń wá. Méjèèjì ni àgbo gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Wọ́n gbé ọmọ ọdún mẹ́ta kan wá bá wa láti Mushin ní agogo mẹ́rin ìdájí. Ibà ló mú un, gìrì gbé e, ó sì ti dáwọ́ dúró kí wọ́n tó rọ àgbo fún un. Òórùn tábà ṣì wà lára síńgílẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Mo gún un ní ìka, ṣúgà rẹ̀ jẹ́ 24, nígbà tó yẹ kó ju 70 lọ. Omi ṣúgà tí a fà sí i lára ló gbà á là, ọjọ́ kejì ló tó mọ ìyá rẹ̀. Ìyá náà ń bi mí bóyá gìrì ló sọ ọmọ òun dà bẹ́ẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ jókòó tì í, mi ò lè dáhùn níbẹ̀. Mo pè é sí kọ̀rọ̀, mo sọ òtítọ́ fún un.

Gìrì ibà bẹ́ẹ̀, tó máa ń mú ọmọ oṣù 6 sí ọdún 5, kì í di wárápá lára ọ̀pọ̀ jù lọ wọn. Ẹ ṣáà gbé ọmọ wá, ká lè mọ̀ pé kì í ṣe ibà tó ti wọ ọpọlọ tàbí àrùn yírùnyírùn.

Àwọn kan á ní ayé ló fi wárápá ṣe èèyàn. Mo máa ń sọ ìtàn ìlú méjì ní Ìbàràpá fún wọn. Lọ́dún 1987, Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun ti Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde lórí Igbó-Ọrà. Èèyàn bí 19,000 ni wọ́n kà, wárápá sì wà lára nǹkan bíi 5 nínú 1,000. Ní Ayétẹ̀ tí kò jìnnà síbẹ̀, wọ́n ti rí 37 nínú 1,000 ṣáájú. Àwọn méjèèjì jọ jẹ́ ará Ìbàràpá, àṣà wọn kò yàtọ̀. Ohun tí àwọn olùwádìí náà rò pé ó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni pé Igbó-Ọrà ti ní ìtọ́jú ìlera alábọ́ọ́dé fún nǹkan bí ogún ọdún: aboyún ń rí agbẹ̀bí, ọmọ ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. WHO, àjọ ìlera àgbáyé, náà sọ pé ìdá kan nínú mẹ́rin wárápá ló ṣeé dènà. Ọmọ tí ìbí rẹ̀ pẹ́ jù, orí tó fọ́ lórí ọ̀kadà, àrùn tó wọ ọpọlọ: ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń wá.

Ní ọdún 2025, ILAE tún oríṣiríṣi gìrì tò. Oríṣi 63 tó wà tẹ́lẹ̀ di 21, lábẹ́ ọ̀wọ́ mẹ́rin. Ẹni tó ti háyà yàrá rí ní Èkó máa tètè lóye rẹ̀. Nígbà mìíràn, fẹ́ẹ̀sì kan ni NEPA á mú lọ: yàrá iwájú ṣókùnkùn, ti ẹ̀yìn ń tàn. Nígbà mìíràn, gbogbo ilé ni. Bẹ́ẹ̀ ni gìrì: òmíràn ń bẹ̀rẹ̀ láti apá kan ọpọlọ, òmíràn ń gba ìhà méjèèjì pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀wọ́ kẹta ni èyí tí a kò tíì mọ inú èwo ló wà nínú méjèèjì, ìkẹrin sì ni èyí tí ẹ̀rí rẹ̀ kò tíì tó. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú àtúntò yìí ni bí wọ́n ṣe gbé ohun tí ojú rí ga. Ṣé ẹni náà mọ ohun tó ń lọ? Ṣé ó dáhùn nígbà tí wọ́n pè é? Kí ló kọ́kọ́ ṣe, kí ló tẹ̀ lé e? Ẹni tó wà níbẹ̀ ló lè dáhùn, kì í ṣe dókítà.

Ọmọbìnrin ọdún 11 kan wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó tí olùkọ́ rẹ̀ ń nà fún àfojúdi. Wọ́n á pè é, á máa wo ògiri, á máa jẹ ẹnu lófo, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ á máa tú bọ́tìnì yúnífọ́ọ̀mù, bọ́tìnì kan náà, léraléra. Kò ṣubú rí, kò sì sí ẹni tí wárápá wá sí lọ́kàn. Ọjọ́ kan ni ìyá rẹ̀ fi fóònù ká a sílẹ̀ nídìí oúnjẹ, ìṣẹ́jú-àáyá 40 péré. Mo gbé fídíò náà lọ bá dókítà, kò tíì wò ó tán tó fi mú bíírò. EEG wà o, ẹ̀rọ tó ń ka iná ọpọlọ, tí Hans Berger kọ́kọ́ fi ka ti ọmọ èèyàn ní Jámánì lọ́dún 1924. Àmọ́ èsì rẹ̀ lè dára lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é kí wárápá sì wà lára ẹni náà. Ní Amẹ́ríkà, nínú ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2020, wọ́n fi fídíò fóònù àwọn aláìsàn 44 han àwọn àgbà dókítà, wọ́n sì mọ èyí tó jẹ́ wárápá àti èyí tí kì í ṣe é ní bíi ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án nínú mẹ́wàá.

Tí ẹnì kejì bá wà tó ń tọ́jú ẹni náà, ẹ ká a sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ojú, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ hàn, ẹ pe orúkọ rẹ̀, ẹ má pa á títí á fi lajú. Dókítà nìkan ni kí ẹ fi hàn. Ẹni tó bá gbé irú fídíò bẹ́ẹ̀ sórí WhatsApp tàbí TikTok ti tú ẹlòmíì síhòòhò láàárín ọjà.

Oògùn ni fídíò yẹn máa ń yàn. Ìwádìí SANAD II tó jáde ní Britain lọ́dún 2021 fi hàn pé fún gìrì tó ń bẹ̀rẹ̀ láti apá kan, lamotrigine ló yẹ kó ṣíwájú nínú mẹ́ta tí wọ́n fi wéra. Fún ti gbogbo ilé, valproate ṣe dáadáa ju levetiracetam lọ. Àmọ́ ẹ̀yin obìnrin, ẹ gbọ́ èyí. Tí aboyún bá ń lo valproate, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Epilim, nǹkan bí ọmọ 10 nínú 100 ló ń ní àbùkù ara, 30 sí 40 nínú 100 ló sì lè ní ìṣòro ìdàgbàsókè ọpọlọ. Lọ́dún 2023, WHO ní kí wọ́n má ṣe kọ ọ́ mọ́ fún obìnrin tó ṣì lè bímọ. Ọmọ ọdún 11 yẹn, lamotrigine ni wọ́n fún un. Ẹni tó bá ń lo valproate lọ́wọ́ kò gbọ́dọ̀ dédé dá a dúró, nítorí gìrì tó máa tẹ̀ lé e lè pa èèyàn. Ẹ lọ bá dókítà, òun ni yóò fi èyí tó dára rọ́pò rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Mílíọ̀nù 50 èèyàn ló ní wárápá lágbàáyé, WHO sì ní 7 nínú 10 lè bọ́ lọ́wọ́ gìrì tí wọ́n bá rí ìtọ́jú tó yẹ. Lọ́dún 2022, àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò pé tó bá fi máa di 2031, ìtọ́jú wárápá gbọ́dọ̀ fi ìdajì pọ̀ ju ti 2021 lọ. Lójú tèmi, orí owó oògùn ni ọ̀rọ̀ náà ti há ní Èkó. Àwọn aláìsàn mi ń gé oògùn sí méjì kó lè pẹ́, wọ́n sì ń fi bò fún mi. Ẹ má fi bò. Phenobarbital tí wọ́n ti ń lò láti ọdún 1912 ṣì wà, owó rẹ̀ kò pọ̀ tó ti àwọn tuntun, dókítà sì lè wò ó bóyá ó bá yín mu. Ìṣọ́ òru náà ń dà wá láàmú, torí àìsùn ń pe gìrì. Èmi náà ń gbàdúrà, mo sì mọ ohun tí ó ń ṣe fún mi. Ẹ gbà á lọ́sàn-án, kí ẹ sùn lóru, kí ẹ sì béèrè bí ẹ ṣe máa lo oògùn kí áàwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀.

Ọmọkùnrin Balógun yẹn lajú díẹ̀díẹ̀. "Ẹrù mi dà?" ni ohun àkọ́kọ́ tó sọ. Ìyá oníléèsì ní ẹrù rẹ̀ wà nílẹ̀. Kò fún un lómi àfi ìgbà tó tó sọ orúkọ ara rẹ̀ dáadáa. Lẹ́yìn náà ló béèrè pé oògùn rẹ̀ ńkọ́. Ọmọ náà ki ọwọ́ bọ àpò ṣòkòtò, ó yọ páálí carbamazepine kan jáde, òfìfo, tó ti ká tó sì ti gbó. Ó ní ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ti tán. Ìyá náà gba páálí, ó ní kí n bá òun kọ orúkọ oògùn náà sílẹ̀ pẹ̀lú àdírẹ́sì kíláníìkì wa.

Mo bi í pé, "Màmá, ta ló kọ́ yín báyìí?"

"Ọmọ mi obìnrin ni," ó ní. "Ó di ọdún méjìlá báyìí tí gìrì ti ń mú un. Mo rí i pé aago lẹ̀ ń wò. Èmi ò kí ń wo aago, Fátíhà ni mo máa ń kà. Tí mo bá kà á lẹ́ẹ̀mẹwàá tí kò tíì dáwọ́ dúró, mo ti ń wá mọ́tò." Ó gbọn ìborùn rẹ̀, ó fi kọ́ èjìká padà. "Ti òní yìí ò ju mẹ́rin lọ."