Ìwé Àṣeyọrí Kọmíṣọ́nnà: Ti Èṣí Ni Kẹ́ Ẹ Kọ́kọ́ Kà

Tó bá ti di nǹkan bí oṣù Kẹrin sí oṣù Karùn-ún, àwọn kọmíṣọ́nnà Ìpínlẹ̀ Èkó á bẹ̀rẹ̀ sí í wá lọ́kọ̀ọ̀kan sí gbọ̀ngàn àwọn oníròyìn Bagauda Kaltho ní Aláúsá, Ìkẹjà. Wọ́n á ka ohun tí ilé iṣẹ́ wọn ṣe láàárín ọdún kan, wọ́n á sọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe lọ́dún tó ń bọ̀, wọ́n á ya fọ́tò. Iṣẹ́ ìṣirò owó ìjọba ni mò ń ṣe, ó sì ti pẹ́ tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti ń gba ọwọ́ mi kọjá. Ohun táwọn èèyàn máa ń bi mí jù ni pé, "Ṣé òótọ́ lohun tí wọ́n kọ síbẹ̀?" Lọ́pọ̀ ìgbà, òótọ́ ni. Ohun tí wọn ò kọ síbẹ̀ ló yẹ kẹ́ ẹ máa wá.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kẹ́ ẹ fi ti ọdún yìí sílẹ̀ ná. Ẹ wá ti èṣí, kẹ́ ẹ ṣí i sí ẹ̀yìn pátápátá, níbi tí wọ́n kọ àfojúsùn sí. Ibẹ̀ kì í gùn, àwọn oníròyìn kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ kà á, torí pé ebi ti ń pa wọ́n nígbà tí kọmíṣọ́nnà bá fi máa débẹ̀. Ẹ da gbogbo ìlérí ibẹ̀ kọ sórí bébà kan, kẹ́ ẹ wá máa fi ti ọdún yìí wò ó. Òmíràn á ti di àṣeyọrí, ẹ kí wọn kú iṣẹ́. Òmíràn á tún yọjú gẹ́gẹ́ bí àfojúsùn, bóyá pẹ̀lú orúkọ tuntun. Èyí tí ẹ kò rí lójú ewé kankan mọ́ ni kẹ́ ẹ mú dání.

Ọ̀rọ̀ tó máa ń rú àwọn èèyàn lójú jù nínú ìwé wọ̀nyí ni "iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́". Ẹ wo Afárá Mainland Kẹrin, tí wọ́n ní yóò gùn tó kìlómítà 38. Àtìgbà tí Tinúbú ti wà nípò gómìnà, láàárín 1999 sí 2007, la ti ń gbọ́ nípa rẹ̀. Fáṣọlá sọ̀rọ̀ rẹ̀, Ambọ̀dé náà sọ̀rọ̀ rẹ̀, ní oṣù Kejìlá 2022 sì ni ìjọba Sanwó-Olú kéde àwọn agbaṣẹ́ṣe tí wọ́n fẹ́ gbé e fún. Ọkọ̀ kankan kò tíì gba orí rẹ̀ kọjá. Ìgbésẹ̀ wà nílẹ̀ lóòótọ́, ìwé àdéhùn náà ìgbésẹ̀ ni. Àmọ́ ìgbésẹ̀ kì í gbé èèyàn sọdá omi.

Ti ojú irin aláwọ̀ búlúù (Blue Line), ìyẹn ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin tó ń kó èrò láàárín Èkó, yàtọ̀, torí ó parí sí ayọ̀. Jákàńdè ti bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 1983, ìjọba ológun Bùhárí sì wọ́gi lé e ní 1985. Ìgbà Fáṣọlá ni wọ́n tún gbé èyí tó wà báyìí dìde, ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹsàn-án 2023 ló sì tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láti Marina dé Mile 2, kìlómítà 13 péré. Ká ní ẹ ka ìwé ọdún kan ṣoṣo láàárín àkókò yẹn, iṣẹ́ tó ń tẹ̀síwájú lẹ ó rí. Ẹ to mẹ́wàá pọ̀, ẹ ó rí ọdún tí iṣẹ́ náà dúró sójú kan.

Ẹ tún ṣọ́ra fún iye tí kò ní ohun tí a ó fi wọ̀n ọ́n. Tí wọ́n bá ní àwọn ra ọkọ̀ akólẹ̀ ọgọ́rùn-ún, ó dára, àmọ́ tọ́ọ̀nù ìdọ̀tí mélòó ni wọ́n ń kó lójúmọ́? Tọ́ọ̀nù 13,000 ni iye tí wọ́n máa ń sọ pé Èkó ń dà nù lójoojúmọ́. Mo rántí ilé iṣẹ́ kan tí mo bá yẹ ìwé wò. Èèyàn 150 ló wá gba ẹ̀kọ́ṣẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n ń fọwọ́ síwèé láràárọ̀. Nígbà tí ìròyìn ọdún jáde, ó ti di pé èèyàn 450 ló jàǹfààní. Ẹni tó ṣe é kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun ṣe ohun tó burú. Ìwé ìfọwọ́sí mẹ́ta ló rò pọ̀.

Ọ̀rọ̀ owó tún lọ́jú pọ̀ díẹ̀. Oṣù Kìíní sí oṣù Kejìlá ni bọ́jẹ́ẹ̀tì Èkó. Ìròyìn kọmíṣọ́nnà, láti oṣù Karùn-ún ọdún kan dé oṣù Kẹrin èyí tó tẹ̀ lé e ló sábà máa ń kó. Bọ́jẹ́ẹ̀tì méjì ló wà nínú ìwé kan nìyẹn, wọn ò sì dọ́gba: ti 2024 jẹ́ tírílíọ̀nù náírà 2.267, ti 2025 fò sí 3.366. Tí wọ́n bá ní àwọn ná iye báyìí "lọ́dún tó kọjá", ẹ béèrè ọdún wo. Ìròyìn oṣù mẹ́ta-mẹ́ta lórí bí wọ́n ṣe ń ná bọ́jẹ́ẹ̀tì máa ń wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ wo iye tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ilé iṣẹ́ náà, kẹ́ ẹ wo iye tó ná. Ẹ má tètè bínú o, torí pé owó tí wọ́n kọ sílẹ̀ lè má tíì dé ọwọ́ wọn.

Gọ́tà iwájú ilé yín ńkọ́? Ó ṣeé ṣe kó má sí nínú ìwé kọmíṣọ́nnà rárá, torí ìjọba ìbílẹ̀ 20 àti agbègbè ìdàgbàsókè 37 ló wà l'Ékòó, ọ̀dọ̀ wọn sì ni ọ̀pọ̀ gọ́tà inú àdúgbò wà.

Tẹ́ ẹ bá ti rí ìlérí tó sọnù, ẹ kọ lẹ́tà sí ilé iṣẹ́ kọmíṣọ́nnà náà. Òfin òmìnira ìròyìn (FOI) ti 2011, tó fún aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ohun tó wà nínú ìwé ìjọba, fún wọn ní ọjọ́ méje láti fèsì, ẹ kò sì ní láti sọ ohun tí ẹ fẹ́ fi ìdáhùn ṣe. Ní oṣù Kẹrin 2025, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ pé òfin náà de àwọn ìpínlẹ̀ pẹ̀lú. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ bi wọ́n: àfojúsùn yìí, ibo lẹ bá a dé? Kẹ́ ẹ wá fi ẹ̀dà ojú ewé ti èṣí há a lẹ́yìn.