Pẹ́ktìn: nǹkan tó ń mú kí kúíǹsì dì nínú ìkòkò

Ẹni tó bá gé kúíǹsì, èso kan tó jọ ápù, jẹ ní tútù, ó ṣọ̀wọ́n kó tún gé e lẹ́ẹ̀kejì. Ó le gan-an, ó kan, ẹnu á gbẹ, bẹ́ẹ̀ òórùn ẹ̀ á ti máa ta sánsán káàkiri ilé tẹ́lẹ̀. Àmọ́ ẹ sè é pẹ̀lú ṣúgà kẹ́ ẹ wò ó, omi ẹ̀ á dì, ẹ á lè fi ọ̀bẹ gé e. Pẹ́ktìn ló ń ṣiṣẹ́ yẹn.

Inú èso lóríṣiríṣi ló wà, àárín àwọn sẹ́ẹ̀lì tín-tìn-tín tó para pọ̀ di èso, òun ló so wọ́n mọ́ra bíi sìmẹ́ǹtì tó wà láàárín búlọ́ọ̀kù. Henri Braconnot, ará Faransé kan, ló fún un lórúkọ ní 1825. Sitirọ́bẹ́rì ò ní púpọ̀, ápù ní in dáadáa, kúíǹsì wà lára àwọn tó ní in jù, ìyẹn wà lára ohun tó jẹ́ kó le bẹ́ẹ̀.

Bí èso bá ṣe ń pọ́n sí i ni pẹ́ktìn ẹ̀ ń bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀, ìyẹn ni ẹni tó gbin igi ẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tó yẹ kó ká a. Tí àwọ̀ ewé ara èso náà bá ti ń di yẹ́lò, tí irun múlọ́múlọ́ ara ẹ̀ sì ń bọ́ tẹ́ ẹ bá fọwọ́ nù ún, ó ti tó nìyẹn, ẹ má jẹ́ kí yìnyín bá a lórí igi. Igi kan ṣoṣo lè dá so o, kò dìgbà tẹ́ ẹ bá gbin méjì, oòrùn ló fẹ́, ó sì fẹ́ kí òtútù mú un dáadáa lọ́dọọdún. Tẹ́ ẹ bá ká a tán, ẹ má kó o ti ápù, òórùn ẹ̀ á wọ inú ápù náà.

Ó ku ìkòkò. Omi àti iná á yọ pẹ́ktìn jáde, ohun kíkan bíi omi lẹ́mọ́ọ̀nù kò ní jẹ́ kí okùn pẹ́ktìn máa ti ara wọn dànù, ṣúgà á fa omi kúrò lára ẹ̀, ìgbà yẹn làwọn okùn náà á wá di ara wọn mú. Ẹ sè é rọ̀ dáadáa kẹ́ ẹ tó da ṣúgà sí i, torí tí ṣúgà bá ti wọlé kò ní rọ̀ mọ́. Ẹ má sọ èèpo àti kóró nù, pẹ́ktìn pọ̀ níbẹ̀, ẹ di wọ́n sínú aṣọ funfun kẹ́ ẹ sè wọ́n pọ̀, kẹ́ ẹ yọ ọ́ tó bá yá. Àmọ́ ẹ má lọ kóró yẹn o, ẹ má sì rún un lẹ́nu, májèlé sáyánáìdì lè jáde lára ẹ̀.

(Tó bá ń pupa bó ṣe ń pẹ́ lórí iná, ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ pẹ́ktìn, nǹkan tó ń mú ẹnu gbẹ ní tútù yẹn náà ló ń pàwọ̀ dà. Èmi fẹ́ràn àwọ̀ yẹn jù adùn ẹ̀ lọ.)

Tó bá ti gbóná dé bíi 104 sí 105 lórí ìwọ̀n Celsius, ẹ kán díẹ̀ sórí sọ́sà tó tutù, ẹ fìka tì í. Tó bá kára jọ, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Tó bá ṣì ń ṣàn, ẹ fún lẹ́mọ́ọ̀nù díẹ̀ sí i, kẹ́ ẹ dá a padà sórí iná fún ìṣẹ́jú mélòó kan, ẹ ṣáà má sè é ju bó ṣe yẹ lọ, torí iná àpọ̀jù náà máa ń ba pẹ́ktìn jẹ́.