Ilẹ̀ tí a kò tètè wọ̀n: bí ext4 ṣe ń pín àyè dísíìkì

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé lójú ẹsẹ̀ tí wọ́n bá tẹ "Save" ni fáìlì wọn ti ríbi jókòó sí lórí dísíìkì. Kò rí bẹ́ẹ̀, kò sì yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Àárín ìgbà tí a tẹ̀ ẹ́ àti ìgbà tí fáìlì balẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n tó dùn mọ́ni jù wà.

Ọ̀rọ̀ yìí á tètè yé ẹni tó bá mọ oko iṣu lẹ́yìn Kàbbà. Ká ní dísíìkì ni ilẹ̀ ẹbí tí a ti kọ ebè sí láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Ebè kan ni búlọ́ọ̀kù kan, báìtì 4,096 ló sì sábà máa ń gbà lórí Linux, ètò tó ń darí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà. Ètò ìtọ́jú fáìlì ni olórí ẹbí tó ń pín ilẹ̀.

Olórí ẹbí àtijọ́ tó ń jẹ́ ext3, tó ṣáájú ext4, kì í fúnni ju ebè kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Gbé èèbù kan wá, gba ebè kan. Padà wá, gba òmíràn. Fáìlì mẹ́gábáìtì 100 á bi í léèrè nígbà 25,600. Bí ẹni mẹ́wàá bá sì ń béèrè lẹ́ẹ̀kan náà, ebè wọn á lọ́ mọ́ra, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń gbìyànjú láti fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ níwájú oníkálukú. Nígbà tí iṣu bá ta, ìwọ á máa sáré kiri oko. Lórí dísíìkì tó ń yí, orí tó ń ka nǹkan ló ń sáré yẹn.

Àkọsílẹ̀ rẹ̀ tún ń ni lára: ó ń kọ àdírẹ́ẹ̀sì ebè lọ́kọ̀ọ̀kan. Ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ lóko? Igba ebè là ń kà fún lébìrà: bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ọ̀pẹ yẹn, kọ igba. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ext4, tó di ohun àmúlò nínú Linux 2.6.28 ní December 2008, ṣe ń kọ ọ́: ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, àti iye tó jẹ́. Ìlà kan ṣoṣo lè gba ebè 32,768.

Ṣùgbọ́n wàhálà kan kù. Kí olórí ẹbí tó lè fún ọ ní igba ebè lójú kan, ó gbọ́dọ̀ mọ̀ pé igba lo fẹ́. Nítorí náà, ext4 kì í wọn ilẹ̀ títí èèbù yóò fi pé. Bí áàpù ṣe ń kọ fáìlì, inú RAM, ìrántí ẹ̀rọ tó ń parẹ́ bí iná bá lọ, ni ọ̀rọ̀ ń kó jọ sí, bí èèbù lábẹ́ igi. Ohun tí ext4 ń ṣe nígbà náà ni pé ó ń yọ iye ebè tí yóò gbà kúrò nínú èyí tó ṣẹ́ kù, kó má baà ṣèlérí ohun tí kò sí. Ibi tí ebè wà, kò tíì sọ. Tí àkókò bá tó, ó ti mọ̀ bóyá èèbù méje ni tàbí ẹgbẹ̀rún méje, ó sì lè wá ilẹ̀ tó gbà á. Fáìlì tí wọ́n dá tí wọ́n sì pa rẹ́ kíá kì í tilẹ̀ fẹsẹ̀ kan oko. XFS, ètò ìtọ́jú fáìlì mìíràn, ti ń ṣe èyí láti àwọn ọdún 1990, ó sì dára kí ext4 kọ́ ọ.

Ewu rẹ̀ kò kéré níbi tí iná ti ń lọ láìdágbére. ext3 sábà máa ń kó èèbù wọlé ní ìṣẹ́jú àáyá 5 sí 5; ext4 lè fi wọ́n sábẹ́ igi fún 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 2009, àwọn tó ń lò ó rí i pé bí ẹ̀rọ bá kú lójijì, orúkọ fáìlì á wà, òfìfo sì ni inú rẹ̀. Theodore Ts'o, ọ̀kan lára àwọn tó kọ ext4, ní áàpù tó bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ balẹ̀ gbọ́dọ̀ pe fsync, àṣẹ tó ń ní kí a kọ fáìlì sórí dísíìkì lójú ẹsẹ̀. Òótọ́ ni, àmọ́ kò tó, nítorí ìwà ext3 ti mọ́ àwọn áàpù lára. Linux 2.6.30 ṣe àtúnṣe: bí fáìlì tuntun bá fẹ́ rọ́pò ti àtijọ́ nípa gbígba orúkọ rẹ̀, ext4 á wọn ilẹ̀ fún un lójú ẹsẹ̀.

Síbẹ̀, áàpù tó bá ń pe fsync lórí gbogbo ìlà kékeré tó kọ ti sọ ext4 di ext3 padà: èèbù kan, ebè kan.