Mo Ti Fi Iyán Sílẹ̀, Kí Ló Dé Tí N Kò Fọn?

Ìyá kan tó ń ta ata ní Ọjà Ọba, ní Àkúrẹ́, ló kọ́kọ́ bi mí ní ìbéèrè yìí, ó sì hàn lójú rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti sú u. Oṣù kan gbáko ni kò fi fẹnu kan iyán, ẹni tí wọ́n fi iyán wò dàgbà! Síbẹ̀, bùbá rẹ̀ ṣì fún mọ́ ọn lápá. Láti ìgbà náà ni àwọn mìíràn ti ń bi mí ní irú rẹ̀.

Ìbéèrè: Ṣebí iyán ló ń mú èèyàn sanra?

Ìdáhùn: Iyán nìkan kọ́. Gíráàmù 100 iṣu sísè kò ju nǹkan bíi kálórì (ìwọ̀n agbára tí oúnjẹ ń fún ara) 120 lọ. Ṣíbí ìjẹun kan péré epo pupa tàbí òróró náà tó kálórì 120. Ẹ wá wo ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tí a fi ń jẹ iyán: epo léfòó lójú rẹ̀, nǹkan bí ìdajì ẹ̀gúsí fúnra rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀rá. Ẹni tó fi iyán sílẹ̀, tó wá ń fi ọbẹ̀ kan náà jẹ ẹ̀bà, kò tíì kúrò lójú kan. Ẹ̀bà, fùfú, àmàlà, púpurù, ọmọ ìyá ni gbogbo wọn. Bí òkèlè ṣe pọ̀ tó, àti ohun tí a fi ń mì ín, ni ká wò.

Ìbéèrè: Kí ni ìyá yẹn wá ń jẹ?

Ìdáhùn: Ohun tó ń mu ni. Mo jókòó tì í nídìí igbá ata rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Nígbà tó di aago mọ́kànlá, ó ra mọ́ọ̀tì agolo kan àti pọ́fù-pọ́fù mẹ́rin, torí pé mọ́ọ̀tì máa ń fúnni lẹ́jẹ̀, bó ṣe wí. Mo ka ara agolo náà: gíráàmù 11 ṣúgà nínú mílílítà 100, agolo sì jẹ́ mílílítà 330. Mo ra ṣúgà onígun lọ́dọ̀ aládùúgbò rẹ̀, mo ń jù ú sínú ife omi lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi pé mẹ́sàn-án, ìyẹn nǹkan bíi gíráàmù 36 ṣúgà tó wà nínú agolo kan. Ìyá wo ife, ó wò mí, ó ní, "Ọmọ mi, ta ló máa mu èyí?"

Òun ló ti ń mu ún lójoojúmọ́. Àánú rẹ̀ ṣe mí, torí kò sẹ́ni tó sọ fún un rí. Lọ́dún 2015, Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) sọ pé ohun tó dára jù ni kí ṣúgà àfikún má ju nǹkan bíi gíráàmù 25 lọ lóòjọ́. Agolo kan péré ti kọjá ìyẹn. Ẹlẹ́rìndòdò kò yàtọ̀. Ohun mímu kì í sì í yóni bí oúnjẹ, ìdí nìyẹn tí kò fi dín oúnjẹ ọ̀sán kù. Ní ti ẹ̀jẹ̀, ẹ̀fọ́, ẹ̀wà, ẹ̀dọ̀ àti ẹja ni kí ẹ wá lọ.

Ìbéèrè: Ẹ̀pà ńkọ́? A kò fi epo sí i.

Ìdáhùn: Inú rẹ̀ la ti ń fún òróró ẹ̀pà! Gíráàmù 100 rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kálórì 570. Ó ṣara lóore, àmọ́ ẹ̀kúnwọ́ kan ni kí ẹ mú, kì í ṣe odindi ìgò.

Ìbéèrè: Dòdò àti àkàrà?

Ìdáhùn: Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀wà kò ṣẹ̀ yín, òróró tí wọ́n mu ni. Bọ̀ọ̀lì àti mọ́ínmọ́ín ni kí ẹ fi rọ́pò wọn.

Ìbéèrè: Àgbo tó ń fọ inú ńkọ́?

Ìdáhùn: Omi ara ló ń gbé lọ, kì í ṣe ọ̀rá. Bí ẹ bá ti mumi, òṣùwọ̀n á padà síbi tó wà. Ìgbẹ́ gbuuru tó bá sì pẹ́ léwu púpọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Ẹni tó bá ń lo oògùn àtọ̀gbẹ kò gbọ́dọ̀ fi ebi panú pẹ̀lú, kó kọ́kọ́ rí dókítà rẹ̀.

Ìbéèrè: Ṣé ìyá yẹn lè padà sídìí iyán?

Ìdáhùn: Ó ti padà. Ìwọ̀n ìkúùkù ọwọ́ rẹ̀ ló ń bù, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ kún àwo, ẹja wà níbẹ̀, ṣíbí ló sì fi ń wọn epo sí ìkòkò báyìí. Ike omi ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ igbá ata rẹ̀. Mọ́ọ̀tì ti di ti ọjọ́ ìnáwó.